Owó Àdúgbò Kò Gbọdọ̀ Parí sí Sẹkitéríàtì

Àwa tí à ń gbé Òjé, Bẹẹrẹ, Ìdí-Arẹrẹ àti àárín ìgboro Ìbàdàn, a kì í ṣe alágbe. Kí ẹnikẹ́ni tó pè wá bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ra tiransifọ́mà tó ń fún wa níná, ẹni tó gbẹ́ kànga, ẹni tó ń sanwó ọlọ́dẹ. Àwa náà la dáwó. Lánlọ́ọ̀dù dá tirẹ̀, ayálégbé dá tirẹ̀, opó tó ń ta ẹ̀kọ náà dá. Ìjọba ìbílẹ̀ sì tún gba owó ìsọ̀ lọ́wọ́ opó kan náà lọ́jà.

Ohun tí a dúró lé lórí kò lọ́jú pọ̀: owó ìlú gbọ́dọ̀ dé àdúgbò, kí ó sì máa dé lọ́dọọdún, bí ìbò ń bọ̀ bí kò bọ̀.

Ìrẹsì ìbò kọ́ là ń béèrè. Àwọn olóṣèlú á pín àpò kan fún odindi agbo-ilé, kóńgò kọ̀ọ̀kan á tẹ̀ wá lọ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò wa, wọ́n á lọ. Ẹ wo ìyá tó ń ta ata. Ìdájí ló gbọ́dọ̀ ti wà lọ́jà kí ó tó lè rí ọjà rà ní pọ́ọ́kú. Ọ̀dọ̀ ta ni yóò gbé ọmọ ọdún méjì sí? Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn. Ilé jẹ́léósinmi ìjọba kan ṣoṣo, tó ń ṣílẹ̀kùn kí ọjà tó kún, yóò ṣe é lóore ju ìrẹsì ọdún mẹ́rin lọ. (Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé agbo-ilé ló ń tọ́mọ. Ó ń tọ́ ọ nígbà tí èèyàn wà nílé. Ní báyìí, àbúrò ti lọ Èkó, ẹ̀gbọ́n ń gun ọ̀kadà.)

A kò tọrọ ohun tí òfin kò mọ̀. Ìwé òfin ọdún 1999 ti ka ilé ìtọ́jú aláìní àti aláìlera mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò rẹ̀, ó kéré tán, sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé. Ó di 2018 kí owó náà tó wọnú ìṣúnná. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé gómìnà kankan kò gbọdọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí owó bá bọ́ lọ́wọ́ gómìnà tó wọ àpò alága, èrè wo ló kàn wá níbẹ̀?

Nítorí náà, kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ya iye kan pàtó sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹbí, kí wọ́n sì lẹ iye náà mọ́ ara ògiri ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, ní èdè Yorùbá. Kí òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ní yàrá láàárín wa, kí ó mọ̀ wá láti agbo-ilé dé agbo-ilé. Kì í ṣe ẹni tí a ó wọ ọkọ̀ méjì lọ bá, tí wọ́n á ní ó ti lọ ìpàdé. Àwọn obìnrin ọjà àti ayálégbé gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí yóò pinnu ohun tí a ó fi owó náà ṣe, nítorí lánlọ́ọ̀dù nìkan kọ́ ló ni àdúgbò. A kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni béèrè káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú kí wọ́n tó tọ́jú ọmọ.

Wọ́n á ní owó kò tó. Kí wọ́n gbé ìwé ìṣúnná wá, ká jọ kà á. Orí owó ọkọ̀ alága la ó ti bẹ̀rẹ̀.