Ìbéèrè Alárinà

Ìpolongo pé kí àwọn ènìyàn máa sọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ ní gbangba kò lè kẹ́sẹ járí níwọ̀n ìgbà tí àwọn ẹbí bá ṣì ń fi ìbéèrè kan ṣoṣo, "Ṣé wèrè kò sí nínú ìdílé wọn?", pinnu àwọn tí yóò fẹ́ra. Àwọn tí ó ń ka abala yìí tipẹ́ mọ aáwọ̀ tí ó wà láàárín òǹkọ̀wé rẹ̀ àti àwọn alárinà, ìyẹn àwọn tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó láti ìdílé kan dé èkejì, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe ní Ifọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, tí wọ́n tú àdéhùn ká nítorí pé àbúrò bàbá ọkọ ìyàwó gba ìtọ́jú rí ní Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ tí ó wà ní Abẹ́òkúta, kọjá àfaradà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà pín sí: òfin, ilé ìwòsàn àti ìdílé.

Òfin ni àkọ́kọ́. Òfin Wèrè tí ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀ ní ọdún 1916 fún adájọ́ ní àṣẹ láti ti aláìsàn mọ́lé, ojú kan náà ni òfin sì fi ń wo aláìsàn títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun. Òfin ti yí padà, ìbéèrè alárinà ni kò tíì yí.

Ilé ìwòsàn ni ìkejì. Ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, tí Ifọ̀ wà lórí rẹ̀, ni a ń gbà dé Aro, níbi tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, ti ṣètò ní ọdún 1954 pé kí àwọn aláìsàn, pẹ̀lú ẹbí tí ó bá wọn wá, máa gbé inú ilé àwọn àgbẹ̀ abúlé àyíká, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn lọ́sàn-án. Àwọn àgbẹ̀ náà gbà wọ́n sílé. Àwọn ọmọ ọmọ wọn tí ó kàwé gboyè ni kò lè gbà wọ́n ní àna!

Níbí ni ìpín kẹta, ìyẹn ìdílé, ti gba gbogbo àyè. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ìdílé òǹkọ̀wé yìí fún ìgbéyàwó tirẹ̀, gbèsè epo pupa tí bàbá rẹ̀ àgbà jẹ kú nìkan ni wọ́n rí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí i, nítorí gbèsè kì í ti ẹnikẹ́ni lójú bí àìsàn. "Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ" ni àgbà ń pa lówe. Ohun tí ó sì ń ti inú òwe yìí wá ni pé ìyá yóò fi ọmọ rẹ̀ tí kò sùn, tí kò jẹun, pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn títí àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin yóò fi rọ́kọ fẹ́. Lóòótọ́, àjogúnbá ń kó ipa nínú àwọn àìsàn ọpọlọ kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ó ń pinnu ẹni tí yóò ṣàìsàn, ọ̀pọ̀ ẹni tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹbí rẹ̀ ni kò sì ṣe é rí. Ẹ wo jínótáìpù, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí: ọ̀pọ̀ ọmọ tí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ń pa láyé àtijọ́ ni wọ́n pè ní àbíkú, ṣùgbọ́n lónìí àfẹ́sọ́nà méjì lè bi ara wọn ní ìta gbangba bóyá AS ni wọ́n, ìyẹn ẹni tí ó lè fi àrùn náà ran ọmọ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí a lè sọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ.

Nítorí náà, kí alárinà tí yóò tún béèrè ìbéèrè yẹn kọ́kọ́ ka àìsàn ìdílé tirẹ̀ sókè níwájú àwọn àna. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó yí ìbéèrè rẹ̀ padà, kí ó béèrè bóyá ìdílé náà gbé aláìsàn wọn lọ gba ìtọ́jú, nítorí ìdílé tí ó bá lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni ni ó yẹ kí ènìyàn fi ọmọ rẹ̀ fún.