Òṣùwọ̀n Tàbí Àmì-Ìkìlọ̀? Èrò Kan Lórí Yíyan Géèjì Ẹ́ńjìnnì àti Fífún Un Lórúkọ

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ kúkúrú yìí ni àwọn géèjì tí ẹni tí ó ní ọkọ̀ asáré máa ń fi owó ara rẹ̀ rà, tí ó sì ń dè mọ́ inú ọkọ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ náà ti kúrò ní ilé-iṣẹ́ tí a ti ṣe é. Ó lè ya òǹkàwé lẹ́nu pé onímọ̀ èdè ni ó ń dá sí irú ọ̀rọ̀ báyìí nígbà tí mẹkáníìkì kò wọ́n nílẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Èrò wa ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra géèjì tí kò wúlò, tí wọ́n sì ń fi èyí tí ó lè gba ẹ́ńjìnnì wọn là sílẹ̀, nítorí pé orúkọ kan ṣoṣo ni a fi ń pe ohun mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn kò jọra. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ tí irin-iṣẹ́ ń ṣe ni ó sì yẹ kí a wò kí a tó fún òun náà ní orúkọ.

Ohun kìíní ni irin gbọọrọ tí a ń tì bọ inú ẹ́ńjìnnì láti mọ bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó. Géèjì ni mẹkáníìkì ń pè é. Ohun kejì ni abẹ́rẹ́ tí ń rìn lórí nọ́ńbà, tí ó ń sọ iye nǹkan kan fún awakọ̀. Géèjì ni òun náà. Ohun kẹta ni abẹ́rẹ́ tí ó ní ojú géèjì, ṣùgbọ́n tí kì í wọn ohunkóhun.

Àpẹẹrẹ ohun kẹta yìí wà nínú Mazda MX-5, ọkọ̀ asáré kékeré onílẹ̀kùn méjì tí ilé-iṣẹ́ Mazda ti ilẹ̀ Japan kọ́kọ́ gbé jáde ní 1989. Nínú àwọn tí a ṣe títí di ti ọdún 1994, abẹ́rẹ́ ọ́ìlì tí ó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù ń wọn ipá tí ọ́ìlì ní bí ó ti ń gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá. Bí ipá náà bá gòkè, abẹ́rẹ́ a gòkè. Bí ó bá wálẹ̀, abẹ́rẹ́ a wálẹ̀. Ṣùgbọ́n láti orí ti ọdún 1995, súwíìsì ni wọ́n fi rọ́pò ohun tí ń wọn ipá náà. Bí ipá ọ́ìlì bá ti kọjá ìwọ̀nba díẹ̀, abẹ́rẹ́ a lọ dúró ní àárín, ibẹ̀ ni yóò sì wà, ìbáà jẹ́ pé ipá náà pọ̀ tó, ìbáà jẹ́ pé ó ku díẹ̀ káàtó. Ojú kan náà ni awakọ̀ ń rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti yàtọ̀. Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí a ya orúkọ mẹ́ta yìí sọ́tọ̀. Irin tí a ń tì bọ inú ọ́ìlì, kí a pè é ní ọ̀pá ọ́ìlì. Ohun tí ó ń sọ iye fún ni, òun nìkan ni kí a máa pè ní òṣùwọ̀n. Èyí tí kò lè sọ ju 'ó dára' tàbí 'kò dára' lọ, ìbáà ní abẹ́rẹ́, ìbáà jẹ́ iná pupa, àmì-ìkìlọ̀ ni.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná pupa ti ọ́ìlì kì í tàn títí ipá ọ́ìlì yóò fi já wálẹ̀ dé nǹkan bí 5 sí 7 psi. Bẹ́ẹ̀ ni òfin àtọwọ́dọ́wọ́ láàárín àwọn tí ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni pé kí ipá náà tó nǹkan bí 10 psi fún ìyípo 1000 kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì tí ó ń yí ní ìgbà 6000 ní ìṣẹ́jú kan, tí ipá ọ́ìlì rẹ̀ sì jẹ́ 15 psi péré, ti wà nínú ewu ńlá; síbẹ̀ iná pupa kò ní tàn. Bí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà pẹ̀lú eré lórí pápá ìdíje, ọ́ìlì a wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀rọ tí ń fà á a sì gbé afẹ́fẹ́ mì. Irin yóò máa gún irin nínú béárìnì, ẹ́ńjìnnì yóò sì nọ́ọ̀kì. Àmì-ìkìlọ̀ ń sọ fún awakọ̀ pé òkú ti kú. Òṣùwọ̀n ni ó ń sọ pé ara aláìsàn kò yá.

Kí ni kí a wá pe ohun tí òṣùwọ̀n yìí ń wọn? Àwọn kan lè dábàá ìfúnpá, nítorí pé a ti ń lò ó fún ti ẹ̀jẹ̀. A kò fara mọ́ ọn. Apá ènìyàn ni ìfúnpá ti wá, níbi tí à ń so ó mọ́. Ẹ́ńjìnnì kò sì ní apá. A ronú kan ipá-ìtì, ṣùgbọ́n ìtì ti jẹ mọ́ igi àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jù. Ipá-ìtẹ̀ ni ó tẹ́ wa lọ́rùn, nítorí pé ohun tí nǹkan ń tẹ̀ mọ́ ara ohun tí ó yí i ká ni à ń wọn. Kí ọ́ìlì máa jẹ́ ọ́ìlì. Bí a bá pè é ní epo, yóò dàrú mọ́ bẹntiróò.

Bí a bá ti gbà bẹ́ẹ̀, yíyàn kò ṣòro mọ́. Òṣùwọ̀n ipá-ìtẹ̀ ọ́ìlì ni kí ó ṣáájú. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni òṣùwọ̀n ìgbóná ọ́ìlì. Omi inú ẹ́ńjìnnì máa ń tètè gbóná ju ọ́ìlì lọ. Awakọ̀ tí ó bá wo ti omi nìkan lè máa tẹ iná mọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọ́ìlì ṣì ki. Lórí pápá ìdíje ẹ̀wẹ̀, bí ìgbóná ọ́ìlì bá ti ń kọjá 130°C, ó yẹ kí ó dẹwọ́ eré, nítorí ọ́ìlì tí ó gbóná jù a máa ṣàn bí omi, ipá-ìtẹ̀ rẹ̀ a sì dínkù.

Ní ti omi, abẹ́rẹ́ inú dáṣíbọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní jẹ́ àmì-ìkìlọ̀ tí ó wọ ẹ̀wù òṣùwọ̀n: a ṣe é kí ó dúró sí àárín bí ìgbóná tilẹ̀ ń yí padà. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó náwó, kí ó rántí pé ọkọ̀ tí a tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ní ojú ihò àyẹ̀wò OBD-II, níbi tí a ti lè ka iye ìgbóná omi gan-an. Kí ó sì mọ̀ pé bí omi bá ti jò tán, tí sẹ́ńsọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, òṣùwọ̀n lè máa sọ pé ara tutù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jó.

Bí ọkọ̀ bá ní tọ́bò, òṣùwọ̀n ipá-ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ rà. A kò sọ pé kò wúlò, nítorí ó ń fi hàn bí tọ́bò bá ń ti afẹ́fẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ni ó ń wọn ju ewu lọ. Òṣùwọ̀n ìpín afẹ́fẹ́ sí epo ni kí ó ṣáájú rẹ̀. Bẹntiróò ìwọ̀n kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ìwọ̀n 14.7 kí ó tó jó tán. Lábẹ́ ẹrù ńlá, àwọn tí ń tún ẹ́ńjìnnì tọ́bò tò sábà máa ń mú un wá sí nǹkan bí 11.5 sí 12.5. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ ju èyí lọ lábẹ́ ẹrù, písítọ́ọ̀nù lè yọ́. Níhìn-ín náà, orúkọ ṣe pàtàkì: sẹ́ńsọ̀ olójú tóóró kò lè sọ ju pé a wà lókè tàbí nísàlẹ̀ 14.7 lọ. Àmì ni. Olójú gbòòrò ni òṣùwọ̀n.

Àwọn kan yóò ní kí a fi àwọn mẹkáníìkì sílẹ̀ pẹ̀lú géèjì wọn. A kò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Kí géèjì máa jẹ́ orúkọ gbogbogbò. Ohun tí a ń sọ ni pé kò tó. Ojú méjì péré ni awakọ̀ ní, ọ̀nà ni ó sì yẹ kí ó máa fi wò. Òṣùwọ̀n mẹ́ta tó o. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á pé: iye wo ni èyí ń sọ, kí sì ni kí n ṣe bí iye náà bá yí padà? Èyí tí kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì, ẹ̀ṣọ́ ni. A sì rọ ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa kí ẹ gbé àwọn ọ̀rọ̀-ìperí wọ̀nyí lọ sí ọgbà mẹkáníìkì, kí ẹ wò ó bóyá wọn yóò rọ̀ wọ́n lẹ́nu. Nítorí ọ̀rọ̀-ìperí tí oníṣẹ́ kò lò, inú ìwé ni yóò kú sí.