Obìnrin Ni Ó Ń Ru Omi, Ọwọ́ Ta Ni Sípánà Wà?

Ní Newtown, ní àárín ìlú Johannesburg, orúkọ obìnrin kò wọ́n lára àwọn títì. Títì Lilian Ngoyi wà níbẹ̀, ti Rahima Moosa sì wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì wà nínú àwọn tí ó ṣáájú nǹkan bí 20,000 obìnrin lọ sí Pretoria ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ, ọdún 1956, láti kọ ìwé àṣẹ ìrìnnà tí ìjọba aláwọ̀ funfun fẹ́ fi kọ́ wọn lọ́rùn. Miriam Makeba náà ní títì tirẹ̀. Ní àdúgbò yìí kan náà ni Johannesburg Water, iléeṣẹ́ tí ó ń pín omi fún ìlú náà, fìdí kalẹ̀ sí, nínú ilé ńlá Turbine Hall tí ó jẹ́ ilé iṣẹ́ iná mànàmáná láyé àtijọ́.

Omi tí iléeṣẹ́ náà ń pín kì í ṣe ti ìtòsí, nítorí a kò tẹ Johannesburg dó sí etí odò ńlá kankan. Apá tí ó tóbi nínú rẹ̀ ń ti orí òkè Lesotho wá. Ọdún 1986 ni ìjọba orílẹ̀-èdè méjèèjì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí rẹ̀. Wọ́n mọ dáàmù Katse, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 185, wọ́n gbẹ́ ihò gba abẹ́ òkè kọjá, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn dé Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 1998. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, wọ́n ti ihò náà pa fún àtúnṣe tí wọ́n ṣètò pé yóò gba oṣù mẹ́fà. Kì í ṣe pé ó wó. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí ń gbé omi kò gbọ́dọ̀ wà láìní olùtọ́jú, wọ́n sì ti ya owó, ọjọ́ àti òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀ fún un. Èyí yẹ kí a gbóríyìn fún.

Ṣùgbọ́n lórí òkè kan náà, ní àwọn abúlé tí kò jìnnà sí dáàmù, obìnrin ṣì wà tí ń ru garawa láti ìsun omi lọ sílé. Bí ẹ̀rọ omi abúlé bá bàjẹ́, ó ṣọ̀wọ́n kí ìwé ètò kan wà tí ó sọ ọjọ́ tí a óò tún un ṣe. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ọkùnrin Lesotho ti ń lọ wa kùsà ní Johannesburg àti àyíká rẹ̀. Àwọn aya wọn ni ó ṣẹ́kù ti ìsun: àwọn ni ó ń gbá a, tí ń lé ẹran kúrò níbẹ̀, tí ó sì ń kọ́kọ́ mọ̀ bí omi bá yí àwọ̀ padà.

Ibẹ̀ ni àwọn olùṣètò ti máa ń ṣì í, kì í sì í ṣe ní Lesotho nìkan. Bí ìjọba tàbí àjọ kan bá gbé ẹ̀rọ omi wá sí abúlé, ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n sábà máa ń yàn láti kọ́ bí a ṣe ń tún un ṣe. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n fún un ní sípánà, wọ́n ya fọ́tò. Kò pẹ́, ó ti gba ìlú ńlá lọ wáṣẹ́, sípánà sì bá a lọ. Ọmọ Lesotho yóò lọ wa kùsà. Ọmọ Òkè-Ògùn yóò lọ wa márúwá ní Èkó. Kò sí ẹni tí yóò dá ọmọ náà lẹ́bi. Ẹni tí ẹ̀bi tọ́ sí ni ẹni tí ó fi iṣẹ́ ojoojúmọ́ lé ẹni tí ń wo ọ̀nà Èkó lọ́wọ́, tí ó sì fi ìyá tí kò ní í kúrò lábúlé sílẹ̀.

Àwọn tí ó gbọ́njú mọ sòbìyà ní Ìbàràpá mọ ohun tí ìyá bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Nígbà tí Nàìjíríà ka àwọn tí sòbìyà mú ní nǹkan bí ọdún 1988, iye wọn ju 650,000 lọ, Ìdèrè sì wà lára àwọn ìlú tí ó jẹ palaba ìyà rẹ̀. Kànga ẹ̀rọ ṣe tirẹ̀. Oògùn tí wọ́n dà sínú adágún ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n asẹ́ aṣọ tí wọ́n pín kiri kò lè wúlò bí kò bá sí ìyá tí yóò fi sẹ́ omi lójoojúmọ́, tí yóò fọ̀ ọ́, tí yóò sì tètè rí i bí ó bá ya. Ọdún 2008 ni a rí aláìsàn ìkẹyìn. Ní ọdún 2013, àjọ ìlera àgbáyé jẹ́rìí pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtọ́jú omi ni iṣẹ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ayé kò ṣàìmọ̀. Ìpàdé àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Dublin ní oṣù Kìíní ọdún 1992 ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin ni òpó nínú ìpèsè, ìṣàkóso àti ìdáàbòbò omi. Ní ọdún 2023, àjọ WHO àti UNICEF tún sọ pé nínú ìdílé 10 tí kò ní omi lágbàlá, obìnrin ni ó ń pọn omi ní 7. Síbẹ̀, ẹ wo bí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ omi abúlé ti rí. Wọn a fi ìyá kan ṣe akápò, kí àjọ tí ó gbé owó wá lè rí orúkọ obìnrin nínú ìwé. Kọ́kọ́rọ́ àpótí á wà lọ́wọ́ alága. Bí rọ́bà kékeré kan bá jẹ nínú ẹ̀rọ tí à ń fi ọwọ́ fà, àwọn ìyá á dúró de ìpàdé tí a kò tíì pè. Títí dìgbà náà, wọn a ká òṣùká, wọn a tún gba ọ̀nà odò lọ.

Àwọn kan ń jiyàn pé bí a bá tún fi àtúnṣe ẹ̀rọ kún iṣẹ́ obìnrin, ẹrù ni a dì kún ẹrù. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń pe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ìfinijoyè. Nítorí náà ni owó ṣe gbọ́dọ̀ bá a rìn. Ẹni tí ń tú ẹ̀rọ, tí ń tò ó padà, oníṣẹ́ ọwọ́ ni. A kì í fi àdúrà nìkan san owó mẹkáníìkì ní ìgboro.

Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Àwíjàre pé gómìnà ni ó mú owó dání kò yẹ kí ó tún fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́. Kí alága ìjọba ìbílẹ̀ tí ń múra láti gbẹ́ kànga tuntun, tí yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí lára, kọ́kọ́ lọ ka èyí tí ó ti dákẹ́ ní agbègbè rẹ̀. Kí ó ya owó rọ́bà àti irin sọ́tọ̀ fún abúlé kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, kí ó kọ́ obìnrin méjì ní abúlé kọ̀ọ̀kan níṣẹ́ náà, kí ó sì máa san owó wọn. Bí kò bá sì mọ ohun tí ó bàjẹ́ lára kànga kan, kí ó bi àwọn ìyá tí ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sódò ní òwúrọ̀.