Kéèkì Tí Yóò Kárí Gbogbo Ọmọ

  A tún gbé ọ̀rọ̀ ilé ìdáná dé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa.

Ilé-ìwé ti gba họlidé ọlọ́jọ́ gígùn. Ní Ìpógun àti Àkúrẹ́ títí dé Oǹdó, irú àkókò yìí ni ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń pe àwọn ọmọdé jọ fún ẹ̀kọ́ Bíbélì, orin, eré àti ìdíje. Àwọn ọmọ tí ń gbé Èkó ti dé sọ́dọ̀ ìyá àgbà, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti ìlú òyìnbó wá. Ní ọjọ́ tí a óò bá sì parí ìpàdé, kéèkì ni ojú gbogbo wọn máa ń wà lọ́nà fún.

Kéèkì yìí gan-an ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ní àwọn ibìkan ó ti ń mú ìbànújẹ́ wá síbi tí ó yẹ kí ayọ̀ wà. Wọn a ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú owó wá fún un. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù kẹjọ kì í ṣe oṣù owó lọ́dọ̀ àgbẹ̀. Kòkó tí ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé ní agbègbè wa kò tíì pọ̀ lórí igi. Ó di nǹkan bí oṣù kẹwàá kí ìkórè ńlá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Owó ilé-ìwé ti oṣù kẹsàn-án sì ti ń kan ilẹ̀kùn. Ìyá tí kò bá rí owó kéèkì san yóò dá ọmọ rẹ̀ dúró sílé ní ọjọ́ náà, kí ojú má baà tì í. Ọmọ kékeré kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ni. Ohun tí yóò máa rò ni pé wọn kò fẹ́ òun ní ilé Ọlọ́run. Ẹ̀yin ará, ṣé kéèkì tó ohun tí a lè fi lé ọmọ kan jìnnà sí Jésù?

Ohun tí Dáfídì ṣe

Ẹ jẹ́ kí a wo 2 Sámúẹ́lì orí kẹfà. Nígbà tí Dáfídì gbé àpótí ẹ̀rí wọ Jerúsálẹ́mù, ìjọ ńlá ni ó pé jọ. Lẹ́yìn ìjọsìn, ọba pín oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ Bíbélì òde òní fi yé wa pé àkàrà tí a fi èso àjàrà gbígbẹ ṣe wà nínú ohun tí ó pín. Ẹ ò rí i pé kéèkì eléso ní ibi àjọyọ̀ kì í ṣe ohun tuntun! Ṣùgbọ́n ibi tí ó wù wá jù nínú ìtàn náà ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ni Dáfídì fún, ọkùnrin àti obìnrin. Bíbélì kò sọ fún wa pé ó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó dá owó àti ẹni tí kò dá.

Ẹ tún wo ìjọ Kọ́ríńtì ní 1 Kọ́ríńtì orí kọkànlá. Wọ́n ń péjọ láti jẹun, ẹni tí ó ní ń jẹ àjẹyó, ebi ń pa ẹni tí kò ní, Pọ́ọ̀lù sì bá wọn wí gidigidi, nítorí pé wọ́n ń dójú ti àwọn aláìní. Ọ̀nà méjì nìyí. Ẹ jẹ́ kí a yan ti Dáfídì.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa

Àwọn ọmọ tí ó ti ìlú òyìnbó wá lè máa bèèrè kéèkì irú ti ọ̀hún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà ooru ni oṣù kẹjọ. Èso wẹ́wẹ́ dúdú kan tí wọ́n ń pè ní blackberry máa ń so lára igi ẹlẹ́gùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Àwọn ọmọdé a já a sínú abọ́, ìyá wọn a sì fi ṣe kéèkì. Ní orílẹ̀-èdè wa níbí náà, wọ́n ń gbin strawberry ní agbègbè Jọ́ọ̀sì, nítorí pé òtútù wà níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé èso tí ó wà nítòsí ni oníkálukú ń lò. Kò yẹ kí àwa ti Ìpógun wá jẹ gbèsè láti ra èso inú agolo tí ọkọ̀ òkun gbé wá.

Kí ni ó wà nítòsí wa? Àgbálùmọ̀ ti lọ. Ìgbà ọyẹ́ àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni tirẹ̀. Ìyeyè wà, ṣùgbọ́n ó kan, kóró inú rẹ̀ sì tóbi ju ẹran ara rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi ṣeré jẹ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni tiwa. Ó ń so yípo ọdún. Àwọn àgbẹ̀ wa a máa gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín kòkó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà kí ó lè ṣíji bò ó, nítorí náà kò wọ́n wa. Ẹ̀rín á tilẹ̀ pa yín bí a bá sọ fún yín pé àwọn onímọ̀ nípa ewéko ka ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ irú èso tí wọ́n ń pè ní berry, ṣùgbọ́n wọn kò ka strawberry mọ́ ọn!

Èyí tí ó ti pọ́n jù, tí èèpo rẹ̀ ti ń dúdú tó-tò-tó, tí àwọn ọmọ kì í fẹ́ jẹ mọ́, òun ni ó dára jù fún kéèkì. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń pọ́n ni ṣúgà inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, èyí yóò sì dín ṣúgà tí a óò rà kù. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń rùn bí ọtí tàbí tí ó hu funfun, ẹ dà á nù.

Bí a ṣe ń ṣe é

Fún ọmọ mẹ́rìndínlógójì, ẹ wá nǹkan wọ̀nyí: ìyẹ̀fun ìdajì kílò, bọ́tà 250 gíráàmù, ṣúgà 200 gíráàmù, ẹyin 6, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pípọ́n 6, béékìn páúdà ṣíbí ìpotíì 4, iyọ̀ ìpín kékeré. Ẹni tí ó bá ní nọ́tìmẹ́gì lè rin díẹ̀ sí i.

Ẹ kọ́kọ́ po bọ́tà àti ṣúgà pọ̀ títí yóò fi funfun tí yóò sì fúyẹ́. Ẹ má ṣe kánjú níbẹ̀, nítorí atẹ́gùn tí ẹ ń pò sínú rẹ̀ wà lára ohun tí yóò mú kéèkì wú. Ẹ fọ́ ẹyin kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ ọ̀tọ̀ kí ẹ tó dà á sí i, kí ẹyọ kan tí ó bàjẹ́ má baà ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹyin tí ó bá léfòó nínú omi ti pẹ́ jù. Ẹ má ṣe lò ó. Ẹ gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúnná, kí ẹ dà á sí i. Ẹ jọ ìyẹ̀fun, béékìn páúdà àti iyọ̀ pọ̀, kí ẹ rọra rò ó mọ́ ọn. Tí ìyẹ̀fun bá ti wọlé tán, ẹ ṣíwọ́. Bí ẹ bá ń pò ó lọ, kéèkì yóò le.

Ẹ pín in sínú páànù róbótó mẹ́ta tí ẹ ti fi bọ́tà pa nínú. Ẹni tí ó bá ní ààrò gáàsì tàbí ti iná mànàmáná lè yan án ní ìwọ̀n ooru 180 fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni tí kò ní, ẹ má bọkàn jẹ́. Ẹ wá ìkòkò ńlá tí ó nípọn, kí ẹ da yanrìn gbígbẹ tí ó mọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ bò ó, kí ẹ sì gbé e kaná títí yanrìn yóò fi gbóná dáadáa. Ẹ to òkúta kéékèèké mẹ́ta sórí yanrìn, ẹ gbé páànù lé e, ẹ bò ó, kí ẹ wá kó èédú tí ó pọ́n díẹ̀ sórí ọmọrí. Yóò tó nǹkan bíi wákàtí kan. Ẹ fi igi ìgbálẹ̀ tí ó mọ́ gún àárín rẹ̀. Bí ó bá jáde láìlẹ̀ mọ́ nǹkan, ó ti jinná.

Ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Òjò ń rọ̀ lákòókò yìí, àwọn mìíràn a sì gbé ààrò èédú wọ inú yàrá, wọn a ti ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dán an wò! Èédú ń tú gáàsì kan jáde tí kò ní òórùn, tí a kò sì lè fi ojú rí, ó sì ń pa ènìyàn. Abẹ́ òrùlé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí. Kí ọmọdé sì jìnnà sí iná.

Bí ìyẹ̀fun bá wọ́n

Ní ọdún 1987, ìjọba Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọ orílẹ̀-èdè yìí, ó sì di ọdún 1992 kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Àwọn tí ó ń yan búrẹ́dì nígbà náà mọ bí a ṣe ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo tàbí ti ẹ̀gẹ́ lú ti àlìkámà. Ọgbọ́n náà kò tíì kú. Nínú ife ìyẹ̀fun márùn-ún, ẹ lè fi ti ẹ̀gẹ́ rọ́pò ife kan, kéèkì yín kò sì níí yàtọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe láfún o, nítorí láfún ti kan, òórùn rẹ̀ yóò sì hàn. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ kí ó kan ni kí ẹ bèèrè.

Kí ó lè kárí

Ẹ ka orí àwọn ọmọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ sì fi díẹ̀ kún un nítorí àlejò. Páànù mẹ́ta, tí a gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà méjìlá, yóò fún yín ní mẹ́rìndínlógójì. Bí ọmọ bá tó méjìléláàádọ́rin, ẹ ṣe é ní ìlọ́po méjì. Inú yàrá ni kí ẹ ti gé e dọ́gbadọ́gba, kí ó má baà jẹ́ pé ọmọ olówó ni yóò gba èyí tí ó tóbi.

Ẹ má ṣe bu owó lé ọmọ kankan. Kí àwọn màmá méjì tàbí mẹ́ta rọra sọ ọ́ láàárín ara wọn. Ẹni tí ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóko yóò mú un wá, ẹni tí ó ń sin adìyẹ yóò mú ẹyin wá, ẹni tí Olúwa fún lówó yóò ra ìyẹ̀fun àti bọ́tà. Opó tí kò ní nǹkan kan lè yá wa ní ìkòkò rẹ̀, tàbí kí ó wá bá wa po ó. Òun náà ti dá tirẹ̀.

Ẹ bi àwọn òbí bóyá ẹyin kì í bá ọmọ wọn lára mu, kí ẹ sì wá ohun mìíràn fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ó ṣáájú ìpàdé ni kí ẹ yan án, nítorí kéèkì ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń tutù nínú, ó sì máa ń tètè hu ní ìgbà òjò.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọmọdé, bí ẹ bá rí i pé ọmọ kan tí ó ti ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ kò yọjú ní ọjọ́ ìkẹyìn, ẹ rán ẹnìkan sí ilé rẹ̀ kí ẹ tó gé kéèkì. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ó jókòó sí, tí ó ń gbọ́ orin yín.

Olúwa yóò bùkún agbọ̀n yín àti ọpọ́n ìpo-ìyẹ̀fun yín. Ayọ̀ àwọn ọmọ wa kò níí dópin lórúkọ Jésù. Àmín.