Irọ́ Ni Pé Àlejò Kreuzberg Kò Náání Ìbò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di orin lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Jámánì, tí àwọn kan nínú ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire tí ń gbé Berlin àti Hamburg sì ti ń gbè lẹ́yìn wọn: pé àwọn àlejò tí ó kún Kreuzberg, àdúgbò kan ní Berlin, Tọ́ọ̀kì ni o, Lárúbáwá ni o, aláwọ̀ dúdú ni o, kò náání ìbò, pé ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn nìkan ni ọkàn wọn wà. Irọ́ ni, irọ́ tí ó sì ń bà wá lórúkọ jẹ́ ni.

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́". Ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Òfin ni ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1989, Hamburg ṣe òfin pé kí àlejò tí ó bá ti gbé Jámánì fún ọdún 8 máa dìbò yan ìgbìmọ̀ àdúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan ṣoṣo tó fi òfin náà tẹ̀ka, ilé-ẹjọ́ gíga tí ń ṣọ́ ìwé òfin ilẹ̀ náà ti fagi lé e ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1990, ó ní ọmọ ilẹ̀ Jámánì nìkan ni agbára ìjọba ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n tún ìwé òfin náà ṣe fún àwọn ọmọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé ọmọ Ítálì tí ó fi oṣù mẹ́ta gbé Berlin lè dìbò yan ìgbìmọ̀ àdúgbò, nígbà tí Tọ́ọ̀kì tí Jámánì fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè wá ṣiṣẹ́ nípa àdéhùn ọdún 1961, tí ó ti bímọ tí ó ti rí ọmọ-ọmọ ní Kreuzberg, kò lè dìbò bí kò bá gba ìwé ọmọ ilẹ̀.

Ẹ wá wo ìṣirò tí wọ́n fi ń bú wa. Iye orúkọ tí ó wà nínú ìwé olùdìbò ni a fi ń wo iye ẹni tí ó jáde. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ kò sí lára àwọn tí ó dìbò, kò sì sí lára àwọn tí ó kọ̀ láti dìbò. Láti ọdún 2002 tí Hans-Christian Ströbele ti di ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ Aláwọ̀ Ewé tí agbègbè kan, èyí tí Kreuzberg wà nínú rẹ̀, dìbò yàn tààrà sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, títí di ọdún 2025 tí Pascal Meiser ti ẹgbẹ́ Die Linke gba ipò náà, ni a ti ń gbọ́ pé Kreuzberg ti sọ̀rọ̀. Apá kan Kreuzberg ni ó sọ̀rọ̀.

Ọmọ Yorùbá tí ó ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, tí ó sì ń gbé Peckham ní London pẹ̀lú ìwé àṣẹ, ń dìbò yan káńsẹ́lọ̀ àti aṣòfin, nítorí òfin Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì láyè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, tí ń gbé ní Kottbusser Tor ní Kreuzberg pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù kan náà, kò ní ibi tí yóò tẹ̀ka sí, nítorí Nàìjíríà pàápàá kò tíì ṣe ètò ìbò fún àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà lókè òkun. Ṣé ìfẹ́ ìlú ni ó wọ inú ẹ̀jẹ̀ àbúrò, tí ó wá fo ẹ̀gbọ́n dá?

Bí ó bá jẹ́ àìbìkítà ni, kí ni ó gbé àwọn tí ń wá ibi ìsádi dìde ní ọdún 2012, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bí 600 kìlómítà láti Würzburg dé Berlin, tí wọ́n sì pàgọ́ sí Oranienplatz, ní àárín gbùngbùn Kreuzberg, nínú òtútù àti yìnyín, títí di oṣù kẹrin ọdún 2014? Ní ọdún 2012 yẹn kan náà ni àwọn ayálégbé Kottbusser Tor, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Tọ́ọ̀kì, kọ́ ahéré onípákó sí ìta gbangba nítorí owó ilé tí ó ń gun òkè lójoojúmọ́.

Ohun tí ìgbìmọ̀ àdúgbò ń ṣe sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Òun ni ó yọ orúkọ Gröben, ẹni tí ó tẹ odi Gross Friedrichsburg dó sí Gold Coast ní ọdún 1683, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú, kúrò ní etí odò Spree, tí ó sì fi orúkọ May Ayim rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2010, akéwì tí a bí ní Hamburg, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ghana. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, mo sì kan sáárá sí wọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tí ń gba etí odò náà kọjá kò lẹ́nu nínú yíyan àwọn tí ó ṣe é.

Èmi kò gbèjà ẹni tí ó ti gba ìwé ọmọ ilẹ̀ tí ó sì jókòó sílé ní ọjọ́ ìbò. Ẹni tí ó bá sì ń bèèrè ìdí tí àwọn yòókù kò fi tètè gba ìwé náà, kí ó rántí pé títí di ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2024, òfin béèrè pé kí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ ilẹ̀ baba wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó lè di ọmọ Jámánì. Ó kéré tán, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ni ó tún ìwé òfin ṣe fún ọmọ Yúróòpù ní ọdún 1992. Kí wọ́n tún un ṣe fún ará Kottbusser Tor pẹ̀lú.