Níbo Ni Wọ́n Ti Dán Oògùn Yìí Wò?



Gbogbo wa la mọ àwọn tí ń polówó oògùn nínú ọkọ̀. Ìgò kan ṣoṣo ni wọn a gbé dání, wọn a ní ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ibà, ó sì ń wo ojú. Nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀, a máa ń rà á. Ọ̀rọ̀ ojú yẹn la fẹ́ sọ lónìí.

Jẹjẹrẹ kan wà tí ń mú ọmọdé lójú. Retinoblastoma ni àwọn dókítà ń pè é. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó ń mú kò tíì pé ọdún 5. Bí iná bá tàn sí ọmọ náà lójú, ọmọlójú rẹ̀ a máa dán funfun bí ojú ológbò lóru. Bí a bá tètè rí i, ó ṣeé wò. Bí a bá fi falẹ̀, ó lè gba ojú, ó sì lè gba ẹ̀mí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ oògùn tí ó ràn án? Ní 1974, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé jẹjẹrẹ tí wọ́n yọ lójú ọmọdébìnrin kan ṣì ń wà láàyè, ó sì ń pọ̀ sí i nínú ìgò. Y79 ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Nínú yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á pín irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ sínú àwo kéékèèké, wọ́n á kán oògùn sí i ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n á fi àwo kan sílẹ̀ láìkán nǹkan sí i, kí wọ́n lè fi wéra. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ka èyí tí ó kú àti èyí tí ó ṣẹ́ kù. Ní Jàpánì ní 1987, Inomata àti Kaneko dán onírúurú oògùn wò báyìí, melphalan ló ta yọ. Lónìí, àwọn dókítà ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ gbé e dé ojú gan-an.

Àmọ́ ohun tí ó ṣiṣẹ́ nínú àwo lè ṣe ara ní jàǹbá. Nítorí náà, wọ́n tún ń fi ẹranko dán an wò, kí wọ́n tó fún ènìyàn díẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ọdún a máa gorí ọdún.

Àwọn kan ní ìfalẹ̀ lásán ni. Àwa kò gbà. Ọjà tí a kò yẹ̀ wò kì í jáde ní iléeṣẹ́ wa. Dírẹ́bà tí kò tẹ bíréèkì wò kí ó tó gbéra, orí àwọn èrò ni yóò ti dán an wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn tí wọn kò dán wò níbì kankan: ojú ọmọ wa ni wọ́n ń fi dán an wò.

A mọ ohun tí ń lé wa lọ bá oníkiri. Ọjọ́ tí a bá fi lọ sí ọsibítù, owó iṣẹ́ ọjọ́ náà ti lọ. Nítorí náà, ohun méjì ni a ń béèrè. Ẹ̀yin dírẹ́bà àti kọ̀ńdọ́, ẹ má ṣe gbà wọ́n láyè mọ́. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá ka oògùn títà nínú ọkọ̀ léèwọ̀. Ẹ̀yin aṣojú wa, nígbà tí ẹ bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn máníjà, ẹ bá wa gba ọjọ́ tí òbí yóò fi gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú láìgé owó rẹ̀.

Ojú lọba ara. Ẹ jẹ́ kí a pa ohùn pọ̀ lórí èyí.