Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni, àbí dáyẹ́ẹ̀tì?

1/ Ẹ má bínú sí mi o. Lẹ́ńtì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe lórí fóònù yìí, dáyẹ́ẹ̀tì ni, kì í ṣe ààwẹ̀. Kí n tó bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ara mi wí.

2/ Ọjọ́rú Eérú, 5 oṣù Kẹta, 2025. Wọ́n fi eérú sámì sí mi níwájú orí ní Adó-Èkìtì níbí. Mi ò tíì jáde lọ́gbà ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti ya fọ́tò. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé mi ò ní jẹ iyán fún 40 ọjọ́. Ọmọ Èkìtì kẹ̀! Láìkì ń wọlé ṣáá.

3/ Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń kọjá níwájú ìyá oníyán tí mo máa ń jẹun lọ́dọ̀ wọn ní Ìwòrókò. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò rí ẹ mọ́." Mo ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ààwẹ̀ ni mo ń gbà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ń gbà á. Owó tí o jẹ mí ló ń gbà mí láàwẹ̀."

₦4,500. Láti oṣù Kìíní. Èmi ti gbàgbé. Àwọn ò gbàgbé.

4/ Èmi fọwọ́ ara mi yan ebi, mo sì gba láìkì lórí ẹ̀. Ta ló bi ìyá yẹn bóyá wọ́n fẹ́ gbààwẹ̀?

5/ Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n kọ́ wa pé Lẹ́ńtì dúró lé: àdúrà, ààwẹ̀, ìtọrẹ àánú. Èyí tó ṣeé ṣe fídíò la dì mú. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì péré ni òfin Kátólíìkì fi ààwẹ̀ ṣe dandan, Ọjọ́rú Eérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere, fún ẹni ọdún 18 sí 59. Àwọn ọjọ́ tó kù ńkọ́? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

6/ Ẹ ka Àìsáyà orí 58. Àwọn tó ń gbààwẹ̀ tí wọ́n tún ń ni òṣìṣẹ́ wọn lára ni Ọlọ́run ń bá wí níbẹ̀. Ẹni tó ń bá ọ ṣe fídíò, ṣé o ti sanwó ẹ̀? Télọ̀ ẹ ńkọ́?

7/ Ẹnìkan máa ní, "À ń fi pósítì wàásù ni." Ó dáa. Mátíù orí 6 ni wọ́n ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ eérú gan-an: tó o bá ń gbààwẹ̀, bọ́jú ẹ, káyé má mọ̀.

8/ Lọ́dún yẹn, 1 oṣù Kẹta làwọn Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ tiwọn. Kí wọ́n tó kírun ìtúnu, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ oúnjẹ fún tálákà. Àwa ńkọ́? Owó iyán tí mi ò jẹ, dátà ni mo fi rà.

9/ Mo ti san ₦4,500 yẹn. Mo mọ̀ pé mo tún ti ń pariwo ẹ̀ báyìí. Kójú lè tì mí ni. Lẹ́ńtì tó ń bọ̀, ṣírò owó oúnjẹ tó o fò, gbé e fún ẹni tébi ń pa. Tó o bá jẹ gbèsè, san án ná. Lẹ́yìn náà, pa dátà ẹ, kó o dákẹ́.